Ọjọ́ Tí Sáfà Jí Fúnra Rẹ̀

Òórùn yíǹkì ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Ní àdúgbò àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú, bó o ti wù kó o ti fèrèsé tó, òórùn yíǹkì àti kẹrosíìnì tí wọ́n fi ń fọ ẹ̀rọ á wọlé bá ọ. Àárín wọn ni èmi àti ọkọ mi ṣí kafé ìńtánẹ́ẹ̀tì wa sí, nígbà tí àwọn sójà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéjọba fún alágbádá, tí gbogbo ènìyàn ń wá ẹni tí wọ́n máa kọ̀wé sí lókè òkun.

Yàrá kékeré kan wà lẹ́yìn tí a gbé sáfà sí, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí gbogbo èyí tó kù ń ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ gba ìńtánẹ́ẹ̀tì. Sáfà yìí máa ń dákú. Iná rẹ̀ á ṣì máa tàn, ṣùgbọ́n kò ní dá ẹnikẹ́ni lóhùn mọ́, àfi kí ọkọ mi wọlé lọ pa á, kó tún un tàn. Bá a ṣe ń bá a yí nìyẹn, títí ọ̀kadà fi gbá ọkọ mi ní Ọbaníkòró. Egungun itan rẹ̀ ṣẹ́. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ní Igbóbì, wọ́n fi okùn so nǹkan wúwo mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì.

Mo wá di ẹni tó ń sáré kiri. Láti ilé wa ní Bàrígà ni mo ti ń gbé oúnjẹ lọ fún un, ṣùgbọ́n kí n tó jókòó, ọkàn mi á ti padà sí ṣọ́ọ̀bù. Obìnrin aránṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló ń bá mi wo ibẹ̀, àmọ́ kò jẹ́ fọwọ́ kan sáfà. Ó ní ẹ̀rọ náà ń ba òun lẹ́rù. Bí mo bá dé, mo lè bá àwọn oníbàárà tí wọ́n káwọ́ gbera níwájú kọ̀ǹpútà. Àwọn mìíràn á ti lọ, wọn ò sì ní padà wá mọ́. Ọkọ mi ń rí i lójú mi. Ó ní, "Má wulẹ̀ máa wá lójoojúmọ́." Ká ní ó bínú ni, kì bá dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń ta àlòkù kọ̀ǹpútà ló mú káàdì kan wá, pẹlẹbẹ, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó ní ajá aṣọ́lé ni wọ́n ń pè é. Sáfà gbọ́dọ̀ máa kí i lóòrèkóòrè pé òun wà láàyè. Bí káàdì náà kò bá ti gbọ́ ìkíni yẹn, á pa sáfà, á sì tún un tàn. Ó tẹ̀ ẹ́ sínú sáfà, ó fún mi ní dísíkì tí dírẹ́bà káàdì náà wà nínú rẹ̀, ìyẹn ètò tí sáfà máa fi kí i, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Mo tan sáfà. Kí n tó fi dísíkì sí i, ó ti pa. Ó tàn, ó tún pa. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe títí omi fi bọ́ lójú mi.

Mo mú ọ̀nà Igbóbì pọ̀n. Nígbà tí mo ròyìn tán, ọkọ mi dijú, ó rò ó, ó wá rẹ́rìn-ín.

"Dírẹ́bà ò tíì sí níbẹ̀, ta ló máa kí i? Ó rò pé sáfà ti kú ni. Wá bọ́tìnnì kékeré kan lára káàdì yẹn, fi pa káàdì náà ná. Tó o bá ti fi dírẹ́bà sí i tán, kó o tún un ṣí."

"Dádì, ṣé èmi ni kí n tú sáfà?"

"Ìwọ ni. Ọwọ́ rẹ balẹ̀ ju tèmi lọ."

Mo ṣe bó ṣe wí, sáfà ò sì pa mọ́. Mo wá mọ̀ọ́mọ̀ dá dírẹ́bà náà dúró, kí n lè fi ojú ara mi rí iṣẹ́ káàdì náà. Èmi àti aránṣọ káwọ́ sẹ́yìn. Fún ìgbà díẹ̀, kò sí nǹkan kan. Lójijì, ojú sáfà ṣú, fáànù rẹ̀ dákẹ́. A ò tíì mí tó fi tún bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, tí iná aláwọ̀ ewé tàn, tí ọ̀rọ̀ funfun ń gòkè lójú rẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan.

"Ta ló tàn án?" aránṣọ bi mí.

"Kò sẹ́ni tó tàn án."

"Sùbúhánálláhì," ló sọ, jẹ́jẹ́. Ó jáde, ó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà kó tó tún wọlé wá wò ó.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí ọkọ mi fi igi abẹ́ abíyá dìde rìn, mi ò kúrò ní Igbóbì láti àárọ̀ títí wọ́n fi ní kí àlejò máa lọ. Òógùn bò ó, àmọ́ ó rìn dé ojú fèrèsé. Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù, aránṣọ ní sáfà dákú lọ́sàn-án, ó sì jí fúnra rẹ̀. Àwọn oníbàárà kàn pòṣé, wọ́n ń bá iṣẹ́ wọn lọ ni. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá yẹn, mo ń wo iná sáfà.

Mo ti lo ẹ̀rọ tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n kó tó di ọjọ́ yẹn, èrò mi ni pé ohunkóhun tí mo bá mọ́wọ́ kúrò lára rẹ̀ máa bà jẹ́ ni, mo sì ń tọ́jú ọkọ mi pàápàá pẹ̀lú ìkánjú, lórí ìdúró. Odidi ọjọ́ kan ni káàdì yẹn fún mi, tí mo jókòó, tí mo rí i bí ọkọ mi ṣe tún ìrìn kọ́.