Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n Mi Ké Sí Mi ní Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ẹ̀fọ̀n

Títí láé ni n ó máa rántí ọjọ́ kejì tí Mariya, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Ọmọ ilẹ̀ Sípéènì ni, "ẹ káàárọ̀" nìkan ló sì gbọ́ nínú Yorùbá. Láàárọ̀, ó fọwọ́ kan ojú rẹ̀, ó ní, "Óho." Mo mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń pe ojú nìyẹn.

Lọ́sàn-án, a jọ ń sọ̀kalẹ̀ lọ sọ́jà. Bí mo ṣe fẹ́ sọdá títì, ó ké láti ẹ̀yìn mi pé, "Óho!" Mo rò pé nǹkan kó sí i lójú ni, mo bá dúró, mo yíjú sí i. Ni ọkọ̀ akẹ́rù kan tí bíréèkì rẹ̀ kò mú mọ́ bá já wálẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó kọjá fìrì níwájú mi, atẹ́gùn rẹ̀ sì ṣí gèlè lórí mi. Ńṣe ni mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Nílé, ẹ̀gbọ́n mi ṣàlàyé pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi ń pe ojú, tí wọ́n sì fi ń sọ pé kéèyàn ṣọ́ra.

Ìyá wa ní, "Àwa náà kúkú ń sọ fọ́mọ pé kó lajú." Ó wá gbá Mariya mọ́ra. "Ìyàwó mi, o ṣeun."

Èmi náà ti di abiyamọ báyìí. Bí mo bá ń dúpẹ́ ẹ̀mí mi lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo máa ń dárúkọ Mariya.