Páálí Ojú Gíláàsì

Ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù kejì, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ni Ìyá Páálí àti Ọ̀gá Àgbà kọ́kọ́ forí gbárí. Ọ̀gá jáde láti ọ́fíìsì pẹ̀lú àlejò méjì, ó sì bá páálí ńlá kan lójú gíláàsì ọkọ̀ rẹ̀. OÒGÙN EKU ni wọ́n kọ sí i gàdàgbà. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò béèrè iye tí wọ́n ń tà á.

Ìyá Páálí ni ó ń ṣọ́ ọgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbé ọkọ̀ sí, ọwọ́ rẹ̀ sì ni wọ́n ń fi kọ́kọ́rọ́ sí. Ọdún mẹ́sàn-án ni ó ti fi ṣiṣẹ́ nídìí ààrò búrẹ́dì rí, nítorí náà, ààrò ni ọkọ̀ tí ó wà nínú oòrùn lójú rẹ̀, ó sì máa ń fi páálí bo gíláàsì iwájú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan kí inú rẹ̀ má baà gbóná. Ohun tí ó ń bí i nínú jù ni awakọ̀ Ọ̀gá, tí ó máa ń tan ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú kí inú ọkọ̀ lè tutù de ọ̀gá rẹ̀, tí èéfín yóò sì máa rú lọ sókè láti fi kún ooru ayé. Ó ní ìyẹn dà bí ẹni tí ń dáná láti fi lé ooru.

Ọ̀gá kò ráyè gbọ́ ọ̀rọ̀ ààrò. “Ìyá, bí mo bá tún rí páálí lójú ọkọ̀ mi, kí ẹ wá iṣẹ́ mìíràn.”

Iṣẹ́ yìí nìkan ni ó ń bọ́ òun àti ọkọ rẹ̀ tí ẹsẹ̀ kò jẹ́ kí ó jáde mọ́. Ó yọ páálí kíá. Àwọn òṣìṣẹ́ yòókù bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má ṣe yọ tiwọn, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ Ọ̀gá nìkan ṣe dúró láìdé fìlà.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, awakọ̀ gbàyè lọ sí ilé ìwòsàn. Ọ̀gá fẹ́ wa ara rẹ̀ lọ sí ìpàdé. Ó wọlé, ó jókòó, ó sì fò jáde bí ẹni tí ìjàlọ bù jẹ. Ìyá Páálí wolẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé ẹ̀rín lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni. Ó ṣí ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó fi páálí oògùn eku fẹ́ ooru jáde, lẹ́yìn náà ni ó ṣí ọkọ̀ kékeré tí akọ̀wé gbé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, èyí tí páálí ṣì bo gíláàsì rẹ̀.

“Ẹ fọwọ́ kan ìjókòó yìí, sà.”

Ọ̀gá fọwọ́ kàn án. Kò gbóná ju tíì tí a gbàgbé sórí tábìlì lọ.

“Ìyá, ṣé ẹ kò ní páálí tí kò sọ̀rọ̀ eku ni?”

“Ti ọṣẹ wà, sà.”

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ọ̀gá gbé páálí tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ wá láti ilé, ó yí ojú tí kò ní àkọlé síta, ó sì kìlọ̀ fún awakọ̀ pé kò gbọdọ̀ tan ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ mọ́. Ìyá Páálí ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá gbé ọkọ̀ sínú oòrùn, ẹ fi páálí bo gíláàsì iwájú. Bí ẹ bá sì padà dé, ẹ ṣí ilẹ̀kùn kí ooru kọ́kọ́ jáde kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì.