Orin Tí Wọ́n Nà Sórí Oko Ìrẹsì

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi Káyọ̀ ti Ìlọrin wá fún ìrántí ọdún kan tí ìyá rẹ̀ kú. Ó gbé fóònù rẹ̀ sórí tábìlì. “Dádì, ẹ gbọ́ nǹkan tí mo rí.” Gìtá kan han bí alùpùpù tí kò fẹ́ ṣíná. Mo mọ̀ ọ́n kí ẹnikẹ́ni tó kọrin. Mo ní kó pa á. Nígbà tó yá, mo ní kó tún tàn án.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, bí orin bá wù yín, ẹ ó fọwọ́ kan fóònù, ó dé. Kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni tiwa. Àgùnbánirọ̀ tó ń kọ́ wa ní ìṣirò ní Òsì ló fún Bọ́sẹ̀, ọmọ kíláàsì mi, nígbà tó sìnrú ìlú tán tó ń padà sílé. Orin Kristẹni ni, ṣùgbọ́n irú èyí tí wọ́n ń pè ní róòkì: ìlù ń kọlu ara wọn, ọkùnrin kan ń pariwo mọ́ Ọlọ́run bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó.

Irùngbọ̀n ti hù lágbọ̀n mi kí n tó wọ Fọ́ọ̀mù Wáànù, nítorí oko ni bàbá mi kọ́kọ́ fi mí sí. Láràárọ̀ ni àwọn ọmọ kíláàsì á tò, wọn á dọ̀bálẹ̀: “Bàbá, ẹ káàárọ̀ o! Àwọn ọmọ ńkọ́?” Bọ́sẹ̀ nìkan ni kì í rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá gbọ́ orin.”

Ẹ̀yìn ilé ìdáná ìyá rẹ̀ la ti ń gbọ́ ọ, láàárín èéfín àti òórùn irú. Nínú orin kẹta, ìlù á dákẹ́ lójijì. Akọrin á bi Ọlọ́run pé níbo ló wà nígbà tí àbúrò òun ń kú. Kò ní sí ìdáhùn. Inú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni Bọ́sẹ̀ máa ń fi ohùn tirẹ̀ sí, láìsí ọ̀rọ̀ kankan. Ohùn yẹn ni mo tẹ̀ lé títí mo fi fẹ́ ẹ.

Bàbá Ìjọ, olórí ṣọ́ọ̀ṣì wa, gbọ́ nípa rẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó pe Bọ́sẹ̀ jáde láàárín ẹgbẹ́ akọrin, tòun ti kásẹ́ẹ̀tì náà. “Fà á tu.” Bọ́sẹ̀ fa okùn kásẹ́ẹ̀tì náà títí ó fi wọ́ jọ sẹ́sẹ̀ rẹ̀ bí ìfun ewúrẹ́. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín.

“Ó yá, sọ pé orin Èṣù ni.”

“Bàbá, mi ò lè purọ́ nílé Ọlọ́run.”

Wọ́n ní kó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ibẹ̀ ni ọmọbìnrin tó lóyún láìtíì lọ́kọ àti ọkùnrin tó fẹ́ ìyàwó kejì ń jókòó. Wọn kì í kọrin, wọn kì í jẹ oúnjẹ Olúwa, àfi bí wọ́n bá kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì. Àwọn yòókù ń kúnlẹ̀, wọ́n ń kúrò níbẹ̀. Bọ́sẹ̀ kò kúnlẹ̀.

Bàbá Ìjọ kò fi okùn náà ṣòfò. Ó nà án sórí oko ìrẹsì rẹ̀ lọ́nà Ìsólò-Ọ̀pin láti fi lé ẹyẹ. A lọ wò ó. Atẹ́gùn fẹ́, okùn náà ń kùn. Bọ́sẹ̀ dẹ etí: “Ẹ gbọ́, Ẹ̀gbọ́n. Orin kẹta nìyẹn.” Òun ló rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn tí mo fẹ́ ẹ, mo bá a jókòó lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. Bó bá ń gúnyán nílé ìdáná, á fi ọmọ odó lu ìlù náà, á kọ gbogbo kásẹ́ẹ̀tì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Lónìí, gìtá pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì yẹn. Ọmọ-ọmọ Bàbá Ìjọ ló ń lu ìlù tí páànù fi ń gbọ̀n. Gbogbo wọn wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí a sin Bọ́sẹ̀. Mo ní kí wọ́n kọrin fún un. Olórí akọrin ní, “Bàbá Káyọ̀, ẹ má bínú. Òfin ni. Ìyá ò kúrò lórí bẹ́ǹṣì.” Wọ́n gbé gìtá lé itan, wọ́n ń wò wá. Ìró ṣọ́bìrì la fi sin ín.

Ọ̀pọ̀ orin ìgbà yẹn ń sọ fún wa pé gbogbo rẹ̀ ti dára. Bí mo bá gbọ́ wọn báyìí, wọ́n dà bí ẹ̀kọ tó ti kan. Èyí kò kan, nítorí kò purọ́. Ó béèrè, ó sì dúró.

Káyọ̀ jẹ́ kó dé orin kẹta. Ìlù dákẹ́. Ọkùnrin náà béèrè. Èmi àti ọmọ mi gbójú sókè, a wo ọ̀nà ilé ìdáná. Ìdákẹ́jẹ́ náà pẹ́ tó bó ṣe máa ń pẹ́. Lẹ́yìn náà, ìlù tún bẹ̀rẹ̀.