Àpótí Tó Ń Dáhùn

Alápòótí ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Káfíńtà ni, àpótí sípíkà ló sì ń kàn, àwọn ràgàjì tó ga tó àyà ènìyàn. Bó bá to pákó pọ̀ tán, á fi ìka lu ara àpótí náà káàkiri, á dẹtí sílẹ̀. Ibi tó bá ń dún bí ìkòkò òfìfo, ibẹ̀ ni yóò fi igi dábùú nínú, kí pákó má baà máa gbọ̀n.

"Àpótí tí kò nígi nínú, ẹlẹ́jọ́ ni," ló máa ń wí. "Ọ̀rọ̀ olórin ni kó sọ, kò gbọdọ̀ dá tirẹ̀ sí i."

Bàbá rẹ̀, tó kọ́ ọ níṣẹ́, pósí ló ń kàn ní tirẹ̀. Ó ti ya pákó gidi sọ́tọ̀ fún pósí ara rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó kú, ẹ̀gbọ́n Alápòótí ra pósí aláràbarà wá, òun ni wọ́n fi sin ín. Pákó náà wà lẹ́yìn ìsọ̀ fún ọdún mẹ́rin.

Nígbà tí aránṣọ kan ní kó kan àpótí fún òun, pákó yẹn ló fà yọ. Ó kàn án tán lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Kò tíì sí sípíkà nínú rẹ̀, kò sí wáyà. Ó fi ìka lù ú: kó, kó. Àpótí dáhùn láti inú: kó, kó, pàá.

Ó rò pé eku ni. Ó yọjú wo inú ihò tí sípíkà máa wọ̀: òfìfo. Ó fi igi dábùú ibẹ̀, ó fi síkúrù dè é. Ẹ̀gbẹ́ kejì ló tún dáhùn. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, igi mọ́kànlá ló ti há síbẹ̀, ìró náà kàn ń sún kiri ni. Ìgbà yẹn ni orí rẹ̀ wú. Ìka lẹ́ẹ̀mejì, àtẹ́lẹwọ́ lẹ́ẹ̀kan: bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń kan ilẹ̀kùn nìyẹn.

Ó sáré pe ìyá rẹ̀. Ìyá lu àpótí. Àpótí dáhùn. Ìyá ò sá, ìyá ò kígbe.

"Gbé e wọ yàrá mi."

"Màámi, ti oníbàárà ni o."

"Mo ní kó o gbé e. Kó o sì yọ gbogbo igi tó o há síbẹ̀ yẹn. Ṣé o ò fẹ́ kí wọ́n mí ni?"

Láti ọjọ́ náà, ó máa ń gbọ́ ẹ̀rín nínú yàrá ìyá lọ́sàn-án, lẹ́yìn náà ìdákẹ́jẹ́ẹ́ gígùn, bí ìgbà tí ènìyàn ń gbọ́rọ̀ ẹlòmíràn.

"Màámi, kí ni wọ́n ń sọ?"

"Ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni. Lọ síbi iṣẹ́ ẹ." Ó ti ń lọ kí ìyá tó pè é padà. "Bàbá ẹ ní igi mẹ́rin ti tó. Má fi wọ́n sí àárín gan-an, sún wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan."

Ìyá rẹ̀ ò fọwọ́ kan ayùn rí láyé.

Ó ra pákó tuntun, ó sì ṣe é bẹ́ẹ̀ fún aránṣọ. Irú ohùn tó jáde nínú àpótí náà, kò gbọ́ ọ rí. Ó fẹ́ lọ dúpẹ́. Ó dé ẹnu ọ̀nà yàrá ìyá, ó gbọ́ tí ìyá ń rẹ́rìn-ín, ó rọra padà sí ìsọ̀, ó fi tọkọtaya sílẹ̀ sínú ọ̀rọ̀ wọn.