Ẹni Tí A Gbé Nínú Òjò

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tí mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún rẹ́rìn-ín, láti ọjọ́ náà ni mo ti pa ẹnu mi mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti di ẹrù sí mi láyà, ẹ jẹ́ kí n sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Èmi kì í ṣe ojo. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Norcross, lẹ́bàá Atlanta ní Amẹ́ríkà níbí. Òkú kì í ṣe àjèjì sí mi. Mo ti fi ọwọ́ ara mi pa ojú àwọn tó kú dé, mo sì ti jókòó jẹun lẹ́yìn rẹ̀. Mi ò mutí, ibà ò sì ṣe mí lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí. Ọkọ mi wà láyé, ojú rẹ̀ ló ṣe. Ẹ lè bi í. Bó bá máa dá yín lóhùn ni mi ò mọ̀.

Ọkọ mi ló dá ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì sílẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ wa kó lọ sí college tán, ilé wá dákẹ́ jù fún un. Ló bá lọ ra bọ́ọ̀sì àlòkù kan, irú èyí tí wọ́n fi ń pín ẹrù kiri ojúlé. Ó kan bẹ́ẹ̀dì sẹ́yìn rẹ̀, ó gbé sítóòfù kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó so táǹkì omi mọ́ ọn. Ìjókòó kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀ lẹ́yìn ìjókòó tiwa níwájú.

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì fi wá ṣẹ̀fẹ̀ títí. Àǹtí kan tó ń gbé ní Jonesboro ní, "Ẹ sá kúrò nínú yàrá kan ní Mushin, ẹ wá dé Amẹ́ríkà tán, ẹ tún ń sùn nínú mọ́tò?"

A bá wọn rẹ́rìn-ín. Àwa mọ ohun tí à ń wá. Ìsinmi ni.

Bí èèyàn bá wakọ̀ jáde ní Atlanta, tó kọjú sí àríwá, kò ní pẹ́ tí ilé á fi tán. Òkè á bẹ̀rẹ̀. Igbó á wá láti ọ̀tún, á wá láti òsì, á fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé lórí ọ̀nà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì á lọ. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń sún láti ibì kan sí òmíràn, à ń sè, à ń jẹ, à ń sùn. Ó dùn, mi ò ní parọ́.

Àfi òjò náà. Òjò ilé wa máa ń rọ̀ bí ẹni ń bínú, bó bá sì bínú tán, á dá. Tibẹ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ló ń rọ̀, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ẹlòmíràn lẹ́yìn, kò sì dá. Aṣọ ò gbẹ. Ìrọ̀rí ń rùn. Ìkùukùu á sọ̀ kalẹ̀ títí a ò fi ní rí igi tó wà níwájú wa.

A wá páàkì sí etí odò kékeré kan, níbi tí ọ̀nà olókùúta wẹ́wẹ́ kan parí sí. Láti ìgbà tí a ti débẹ̀, a ò rí èèyàn, a ò rí ajá.

Ọ̀sán ni o, kí ẹ má rò pé òru ni. Ṣùgbọ́n ojú ọjọ́ ti dúdú bí ìrọ̀lẹ́. Ọkọ mi ń sùn lẹ́yìn. Èmi ń gbé ọbẹ̀ ẹ̀gúsí kaná.

Ẹnì kan kí mi láti ìta.

"Ẹ kú òjò o."

Mo dáhùn. Ẹ gbà mí gbọ́, kí n tó ronú ni ẹnu mi ti dáhùn. Ṣé bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn: àgbà kí ọ, o jẹ́ ẹ. Mo ní, "Òo, ẹ kú òjò mà."

Ìgbà yẹn gan-an ni ọwọ́ mi dúró lórí ìkòkò.

Yorùbá? Nínú igbó yìí?

Mo yọjú lójú fèrèsé. Ìkùukùu. Igi. Òjò. Kò sí ẹnikẹ́ni.

Ọkọ mi ti jí. "Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

Mo fi ìka sí ètè. Ó dìde jókòó.

Wọ́n wá kan ilẹ̀kùn. Kì í ṣe pé wọ́n fi ìkúùkù gbá a o. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni, bí ìgbà tí wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ọmọ lẹ́yìn kó lè sùn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí i fún mi. Òjò ti pa mí pẹ́."

Ohùn ìyá àgbà ni. Ohùn ẹni tó ti rẹ̀. Èyí, ọkọ mi náà gbọ́ ọ. Ó ti ń wá bàtà rẹ̀. Mo di ẹ̀wù rẹ̀ mú lẹ́yìn.

"Dádì Dámi, ẹ má ṣí i," mo sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ẹ rò ó wò ná. Ta ló máa sọ Yorùbá níbí?"

"Ìyá àgbàlagbà ni. Ṣé kí òjò pa á kú ni?"

"Ẹ bi í pé ta ni."

Ọkọ mi sún mọ́ ilẹ̀kùn. "Mà, ta ni yín?"

A dúró. Òjò ń lu òrùlé. Nígbà tó yá, ohùn náà tún wá, bákan náà, kò ga sí i, kò relẹ̀ sí i:

"Òjò ti pa mí pẹ́."

Ọkọ mi ṣí ilẹ̀kùn.

Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Ẹrẹ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà tẹ́jú pẹrẹsẹ, kò sí ojú ẹsẹ̀ èèyàn tàbí ti ẹran lórí rẹ̀. Àwa méjèèjì ń wo ẹrẹ̀ náà nígbà tí bọ́ọ̀sì tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ẹ mọ bí mọ́tò ṣe máa ń ṣe bí ẹni tó sanra bá ń wọ̀ ọ́? Á tẹ̀ díẹ̀, á sì padà. Tiwa tẹ̀. Kò padà.

Nǹkan tútù kan gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Mo gbóòórùn ewé tó ti jẹrà sínú omi. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo gbóòórùn káńfọ̀, irú èyí tí àwọn ìyá wa máa ń fi sáàárín aṣọ nínú àpótí.

Ọkọ mi rọra ti ilẹ̀kùn. Kò wo ẹ̀yìn. Ó ní, "Jẹ́ ká máa lọ."

Èmi náà ò wo ẹ̀yìn. Mo pa iná sítóòfù, mo gbé ìkòkò ọbẹ̀ sínú báàsìnì, a bọ́ síwájú, ó ṣáná sí mọ́tò.

Tín. Tín. Tín.

Ẹ̀yin tó ń wakọ̀ mọ ìró yẹn. Ẹnì kan jókòó tí kò de bẹ́líìtì. Mo wo tèmi, mo ti dè é. Ọkọ mi ti de tirẹ̀. Iná pupa kékeré tó tàn níwájú ń tọ́ka sí ìjókòó tó wà lẹ́yìn wa.

"Báàgì ló wà níbẹ̀," ni ọkọ mi wí. "Bá mi gbé e kúrò."

Mo yíjú. Kò sí báàgì. Ìjókòó náà ṣófo, ṣùgbọ́n fóòmù rẹ̀ ti wọlé láàárín, omi sì ń kán láti etí rẹ̀ sílẹ̀, tó, tó, tó.

A wà á lọ bẹ́ẹ̀. Tín, tín, tín. Ọ̀nà ń yọ̀, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni òkè náà sọ̀ kalẹ̀, àfonífojì sì wà lápá òsì wa. Ìró náà ń wọ inú eegun mi. Iná pupa yẹn ni ọkọ mi ń wò, kò wo ọ̀nà. Mo mọ̀ pé bí ìró yìí ò bá dákẹ́, ọkùnrin yìí máa já wa sí kòtò.

Ẹ má bi mí ibi tí mo ti rí ìgboyà. Mo na ọwọ́ sẹ́yìn, mo fa bẹ́líìtì ìjókòó yẹn. Bí mo ṣe ń fà á kọjá, ẹ̀yìn ọwọ́ mi kan aṣọ. Aṣọ tó tutù, tó rin gbingbin. Kò sí aṣọ níbẹ̀, ojú mi ń wo ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kàn án.

Mo ti bẹ́líìtì bọ ẹnu rẹ̀. Kẹ́. Ìró náà dákẹ́.

Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Bẹ́líìtì náà ò rọ̀ sílẹ̀ sórí ìjókòó. Ó dúró nínú afẹ́fẹ́. Ó gba òkè wá sílẹ̀, ó yọ síta bí ìgbà tó gba orí àyà àti ikùn èèyàn kọjá. Ó ń lọ sókè díẹ̀, ó ń padà wálẹ̀ díẹ̀.

Ó ń mí.

Mo kọjú síwájú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka sáàmù nínú ọkàn mi. Gbogbo rẹ̀ dàrú mọ́ra wọn.

A dé oríta kan. A ò rántí oríta yìí nígbà tí à ń gòkè bọ̀. Fóònù ò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ìkùukùu sì bo ọ̀nà méjèèjì. Ọkọ mi tẹ bíréèkì. Ó tan iná sí apá òsì, ó ti ń yí sítíárín. Lójijì ló yí i padà, ó gba ọ̀tún. A ń bá a lọ títí igbó fi ṣí, tí a rí títì ọlọ́dà àti ilé epo kan.

Ó páàkì síbẹ̀. Àwa méjèèjì sọ̀ kalẹ̀, a fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sáré.

Òyìnbó obìnrin kan ló ń tajà níbẹ̀, ó dàgbà, ara rẹ̀ sì yọ̀ mọ́ èèyàn. Ó béèrè ọ̀nà tí a gbà wá. Ọkọ mi ṣàlàyé oríta fún un. Obìnrin náà fọwọ́ sáyà.

"Ọlọ́run ló yọ yín," ó ní. "Òkè ti ya lulẹ̀ lọ́nà òsì láàárọ̀ yìí. Ọ̀nà ti gé. Ìkùukùu yìí ò ní jẹ́ kí ẹ rí i."

Ó wọ ẹ̀yìn lọ, ó kó aṣọ ìnura wá fún wa. Mẹ́ta ni. Ó fún èmi, ó fún ọkọ mi. Ó wá na ẹ̀kẹta sí mi, ó ń wo bọ́ọ̀sì wa láti ojú gíláàsì.

"Ẹ mú èyí fún màmá yín. Ara wọn ti tutù jù. Kí ló dé tí ẹ ò jẹ́ kí wọ́n wọlé wá mu kọfí?"

Ọkọ mi wò mí. Èmi náà wò ó. Ó rọra sọ ọ́ lédè wa kí obìnrin náà má baà gbọ́:

"Ṣé ìwọ kọ́ lo sọ pé kí n yà sọ́tùn-ún?"

"Èmi? Mi ò la ẹnu mi láti orí òkè."

"Ẹnì kan sọ ọ́ sí mi létí. 'Ọ̀tún.' Mo rò pé ìwọ ni."

Ẹ máa bi mí pé kí ló dé tí a tún padà wọ inú bọ́ọ̀sì yẹn. Kí la fẹ́ ṣe? Ọ̀nà ilé jìn. Ta la fẹ́ pè, kí la fẹ́ wí fún un? Mo tẹ́ aṣọ ìnura kẹta yẹn sórí ìjókòó ẹ̀yìn, mi ò wo ibẹ̀ bí mo ṣe ń tẹ́ ẹ, a sì kọjú sí Atlanta.

Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, òjò dá. Oòrùn yọ. Ilé bẹ̀rẹ̀, mọ́tò pọ̀. Lórí títì ńlá, ìdíwọ́ wà níwájú, ni ọkọ mi bá yà jáde sí Pleasant Hill Road ní Duluth. Iná ojú ọ̀nà dá wa dúró níwájú ilé ìtajà oúnjẹ kan, èyí tí gbogbo ẹ̀yà ń lọ.

Kẹ́.

Bẹ́líìtì ẹ̀yìn tú fúnra rẹ̀. Mo gbọ́ bó ṣe sáré padà sínú ilé rẹ̀. Bọ́ọ̀sì dìde sókè díẹ̀. A ò gbọ́ kí ilẹ̀kùn ṣí.

Mo wá rí i. Ìyá kúkúrú, ìró àti bùbá aláwọ̀ aró, ó fi gèlè wé orí. Ó ń rìn láàárín àwọn mọ́tò tí wọ́n páàkì, nínú oòrùn gbangba, omi sì ń ṣàn lára rẹ̀ bíi pé òun nìkan ni òjò ń rọ̀ lé. Àwọn èèyàn ń ti kẹ̀kẹ́ ọjà wọn kọjá, ẹnì kankan ò wò ó. Ọkùnrin kan gba ibẹ̀ kọjá, bẹ́ẹ̀ ni, ibi tó wà gan-an, ó kàn gbọn èjìká bí ẹni tí òtútù mú.

Ẹ mọ àwọn ilẹ̀kùn gíláàsì tó máa ń dá ṣí? Ó ṣí fún un.

Ó wọlé. Kò bojú wẹ̀yìn. Àwọn tó wà lẹ́yìn wa ń fọn fèrè, iná ti di àwọ̀ ewé.

"Ó dàbọ̀, mà," ni ọkọ mi wí, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Inú bí mi débi pé mo sunkún.

Ìyẹn ló fa ìjà láàárín wa fún ìgbà pípẹ́. Ọkọ mi ní ọmọ Yorùbá kan ló kú sínú igbó yẹn, tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀, tó ń dúró de ẹni tó máa gbọ́ èdè rẹ̀. Ó ní àánú la ṣe, òun náà sì san án fún wa lóríta. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mi ò bá a jiyàn mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ bá mi rò ó. Bí a bá ti já sí kòtò, ta ni ì bá gbé e wọ ìlú? A bi í léèrè orúkọ, kò sọ. A sì ti ń gbé Gwinnett, agbègbè tí Norcross àti Duluth wà, láti ọjọ́ pípẹ́ wá, a ò gbọ́ kí ẹnì kankan sọ pé òun ń wá ìyá òun. Ó mọ ibi tó ń lọ. Ó mọ ibi tó ti fẹ́ sọ̀. Kí ló wá ṣe níbẹ̀? Ta ló wá bá?

Àwa la gbé e wá. Ìyẹn ni kì í jẹ́ kí n sùn.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn irú ìrìn àjò yìí, ẹ gbọ́ tèmi. Bí ẹ bá dé ibi tí èèyàn ò sí, tí ẹnì kan wá fi èdè ìyá yín kí yín, ẹ gbé ẹnu dúró. Ẹ kọ́kọ́ wo ilẹ̀. Bí ẹ ò bá rí ojú ẹsẹ̀, ẹ má dáhùn. Ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàánú, torí nígbà tí ẹ bá fi máa mọ ẹni tí ẹ ṣàánú fún, ó ti lè jókòó sẹ́yìn yín.