Mo Lọ Mú Sìdíkátù Bọ̀ Láti Ìlàjẹ

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Àsúbáà tán ni ọlọ́kadà dé ẹnu ọ̀nà wa ní Ìwó. Ọdún kẹta rèé tí ọmọ wa, Sìdíkátù, ti fẹ́ apẹja kan ní Ìlàjẹ, n kò sì tíì dé ọ̀dọ̀ wọn rí. Nígbà tí a gbọ́ pé òkun ti gbé ilé tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ lọ, mo sọ fún ìyá rẹ̀ pé mo ń lọ mú un bọ̀.

Ọkọ̀ tí mo wọ̀ ní gáréèjì gba Ilé-Ogbó kọjá, ó gba Ifẹ̀ àti Oǹdó. Ní gbogbo ibi tí mo bá ti rí àkùrọ̀ lẹ́bàá odò, ọkàn mi a fà. Nínú tèmi, níbi tí a ti ń gbin ẹ̀fọ́ lẹ́ẹ̀rùn nígbà tí oko òkè bá gbẹ, ni Sìdíkátù ti máa ń bá mi bomi rin ewéko, tí á máa kọrin.

Lẹ́yìn Òkìtìpupa, àbàtà ló kù. Ògùrọ̀ dúró nínú omi dúdú, kò síbi téèyàn lè tẹ̀.

"Ilẹ̀ yìí mà ṣòfò o," ni mo wí.

Obìnrin tó jókòó tì mí rẹ́rìn-ín. "Bàbá, òun ló ń gba òjò mu kó tó dé ilé wa. Àwọn tó kó iyanrìn dí tiwọn, orí bẹ́ẹ̀dì ni omi ń bá wọn."

Ní Igbókòdá, mo jẹ púpúrù pẹ̀lú ẹja ní ẹgbẹ̀rún méjì náírà. Ẹ̀gẹ́ ni púpúrù. Wọ́n á rẹ ẹ́, wọ́n á fi èéfín gbẹ ẹ́, kí wọ́n tó lọ̀ ọ́, kí wọ́n sì rò ó. Mo wọ ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tí a dé irà oníyọ̀, níbi tí gbòǹgbò igi ti yọ sókè omi bí ẹsẹ̀ alákàn, awakọ̀ dín eré kù.

"Kí ló dé?"

"Àárín gbòǹgbò yẹn ni ọmọ ẹja ń dàgbà sí, Bàbá. A kì í da ibẹ̀ rú."

Nígbà tí a gúnlẹ̀, orí pákó tí wọ́n tẹ́ sórí omi ni Sìdíkátù kúnlẹ̀ sí, ó ń sunkún. "Bàbá mi! Ẹ káàbọ̀."

"Kó ẹrù rẹ, ọmọ mi. Jẹ́ ká lọ."

Ó mú mi lọ sẹ́yìn ilé, níbi tí ìyá ọkọ rẹ̀ ti ń ri igi kéékèèké, irú èyí tí mo rí nínú irà oníyọ̀, mọ́ ẹrẹ̀.

"Ibi tí wọ́n ti gé igi yìí dáná ni òkun gbà wọlé sí wa lára," ni Sìdíkátù wí. "À ń gbìn ín padà. Bí mo bá lọ, ta ni yóò bá Ìyá gbìn ín?"

"Ìwó kò wù ọ́ mọ́ ni?"

"Ó wù mí, Bàbá. Bí òórùn ẹrẹ̀ yìí bá ta sí mi nímú láàárọ̀, àkùrọ̀ yín ni mo máa ń rántí."

Mo ká ṣòkòtò mi, mo wọnú ẹrẹ̀ lọ bá wọn. A gbin igi títí di ìrun Alásàárì.

Ní ọjọ́ kẹta, èmi nìkan ni mo wọkọ̀ padà. Ọ̀sán ti ń rọlẹ̀ nígbà tí mo sọ̀ ní gáréèjì Ìwó. Ìyàwó mi ti ń dúró. Ó kí mi, ó sì wo ẹ̀yìn mi.

"Òun dà?"

"Ó wà nílé rẹ̀."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo pe ibẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó fi etí ìró rẹ̀ nu ojú, ó di ọwọ́ mi mú, a sì jọ ń rìn lọ sílé jẹ́jẹ́.