Dírẹ́bà Tó Ti Gbó

Bàbá mi kì í rí ilé nínú ìwé. Ẹ fún un ní pùláànù tó dára jù lọ ní gbogbo ilẹ̀ Yewa, ìlà àti igun ni yóò rí. Yóò yí i sọ́tùn-ún, yóò yí i sósì, yóò sì bi yín pé ẹnu ọ̀nà dà. Ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́ o. Orí ìwé ló ti fọwọ́ sí ilé tí òun àti Màmá mi ń gbé báyìí ní Ayétòrò, ìgbà tí wọ́n kọ́ ọ tán ló tó mọ̀ pé fèrèsé yàrá òun kọjú sí ṣáláńgá gbáko. Láti ọjọ́ náà ló ti ń sọ pé bí òun bá tún máa kọ́lé, àfi kí òun kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀ ná.

Èmi ọmọ rẹ̀ obìnrin, pùláànù yíyà ni iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun. Nígbà tó di pé ó fẹ́ kọ́ ilé kékeré sórí ilẹ̀ rẹ̀ tó wà lọ́nà Ìlaro, mo ṣèlérí fún un pé màá mú un wọ inú ilé náà kí bíríkìlà tó gbẹ́ ìpìlẹ̀. Ètò kan wà lórí kọ̀ǹpútà tó máa ń sọ ìlà di ilé: ẹ ó rí ògiri, ẹ ó rí òrùlé, ẹ ó sì máa rìn láti yàrá dé yàrá. Kọ̀ǹpútà mi àtijọ́ ò lágbára ẹ̀, ni mo bá ra kọ̀ǹpútà alágbèéká kan tí wọ́n gbé wá láti Kútọnu, lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan ní Ìlaro. Ó ní káàdì àwòrán gidi wà nínú rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń gbé àwòrán wá sójú kọ̀ǹpútà. Faransé ni kọ̀ǹpútà náà ń kọ, àmọ́ ìyẹn ò kàn mí. Ìlà ò ní èdè.

Ọjọ́ Àìkú la fi àdéhùn sí, lẹ́yìn ìsìn. Lọ́jọ́ kejì ni bíríkìlà ń bọ̀, ó sì ti sọ pé bí ìpìlẹ̀ ò bá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà, òun ń gba Ìdògò lọ síbi iṣẹ́ mìíràn, ó di ẹ̀yìn òjò kí òun tó padà. Bàbá mi ní bí òun ò bá rí ilé, kó máa lọ sí Ìdògò.

"Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn òjò wo ni wọ́n ń sọ fún àgbàlagbà bíi tèmi?" Ó fi ẹ̀rín sọ ọ́. Èmi ò lè bá a rín in.

Ó wọ gíláàsì ojú rẹ̀ tuntun. Màmá mi gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo tẹ ètò náà, àpótí kékeré kan yọ lójú kọ̀ǹpútà, ó ní kò sí káàdì àwòrán níbí, ó dìgbóṣe.

Kò sí kẹ̀? Mo pa á, mo tún un tàn. Mo lọ síbi tí kọ̀ǹpútà ti máa ń ròyìn ara rẹ̀, agbára tó kọ pé òun ní ò tó ti fóònù Màmá mi. Bẹ́ẹ̀ orúkọ káàdì náà rèé lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, níbi tí mo gbọ́wọ́ lé gan-an, ó ń dán yinrin. Lábẹ́ ìròyìn èké yìí, ọ̀rọ̀ méjì wà níbẹ̀: pilote obsolète.

Ilé wa ò ṣaláìní ògbufọ̀. Màmá mi ti ná ọjà Kétu tó wà lódìkejì bọ́dà fún ọ̀pọ̀ ọdún, Faransé ọjà rẹ̀ sì dá ṣáká. Mo kà á fún un.

"'Pilote'?" Ó ronú. "Ẹni tó ń wa bàálù nìyẹn."

"Bàálù?" ni Bàbá wí. "Ilé ni mo ní kó fi hàn mí."

"Èkejì ni mi ò gbọ́. A kì í lò ó lọ́jà."

Ẹkún ni mo fẹ́ sun, ẹ̀rín ló jáde. Mo pe ẹni tó tà á fún mi, mo sì fi fóònù sí sípíkà kí gbogbo ilé lè jọ bá a jà.

"Àǹtí, ẹ fara balẹ̀," ló wí. "Káàdì wà níbẹ̀ digbí. Dírẹ́bà yín ló ti gbó."

Èmi àti Màmá mi bojú wo Bàbá. Kí ẹ tó lè lóye ìwò yẹn, ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé dírẹ́bà ni bàbá mi. Ó fi ọkọ̀ kó èrò àti ẹ̀gẹ́ láti Ayétòrò lọ sí Ìlaro títí irun rẹ̀ fi funfun, kò sì sí ohun tó ń bí i nínú bíi kí ẹnìkan ní ó tó kó sinmi.

Ọmọkùnrin náà ò mọ̀, ó ń bá tirẹ̀ lọ. "Ó ti pẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́. Kò ríran mọ́, ìyẹn ni ò fi rí káàdì yẹn. Ẹ yọ ọ́ kúrò, kẹ́ ẹ fi tuntun sípò rẹ̀."

Bàbá mi yọ gíláàsì rẹ̀. "Ta ló sọ fún un pé mo ra gíláàsì?"

Màmá mi ti fi gèlè bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì. Ẹ̀rín pa mí débi pé fóònù bọ́ lọ́wọ́ mi.

"Bàbá, kì í ṣe ẹ̀yin. Káàdì yẹn ni ọkọ̀. Nǹkan kan wà nínú kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní dírẹ́bà, òun ló mọ bí wọ́n ṣe ń wa káàdì. Wọ́n ti sọ kọ̀ǹpútà di tuntun, wọn ò pààrọ̀ dírẹ́bà. Kò wá dá ọkọ̀ mọ̀ mọ́, ó ń sọ fún gbogbo ayé pé kò sí ọkọ̀."

"Ẹ̀hẹn. Mọ́tò dáa, ẹni tó ń wà á ni ò mọ nǹkan kan."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ohun tí mo ti ń sọ nípa gbogbo ọ̀nà Ìlaro látọjọ́ yìí nìyẹn."

"Pilote!" Màmá mi figbe ta. "Dírẹ́bà náà ni! Ṣé mo sọ fún yín!" Kò sọ fún wa.

Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni dírẹ́bà tuntun náà wà, kí a gbà á sílẹ̀ ló kù. Ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé wa máa ń wá bí àlejò tí kò fẹ́ jókòó. Ó bẹ̀rẹ̀, ó dúró, oòrùn sì ń rẹlẹ̀. Ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dára jù ni ìhà ọgbà ilé ẹ̀kọ́ gíga iṣẹ́ àgbẹ̀. Mo ní kí n wá ọ̀kadà. Bàbá mi ti mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

"Ẹ wọ ọkọ̀. Dírẹ́bà tó ti gbó ló máa gbé yín lọ wá tuntun."

Kò sí kòtò tí kò mọ̀ lójú ọ̀nà yẹn. Ó ń yà fún wọn kí wọ́n tó yọjú, bó bá sì ti yà fún ọ̀kan tán, á bi mí pé, "Mi ò ríran, àbí?" Màmá mi ń kọrin lẹ́yìn. Inú mi dùn bíi tọmọ tí wọ́n ń gbé lọ síbi ọdún, bẹ́ẹ̀ a ò tíì rí nǹkan kan ṣe.

Nígbà tí a débẹ̀, a gbé kọ̀ǹpútà lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo yọ dírẹ́bà àtijọ́ kúrò, mo fi tuntun sí i, kọ̀ǹpútà kú, ó jí. Mo lọ wo ìròyìn rẹ̀: káàdì ti dé, tòun torúkọ rẹ̀, tòun ti gbogbo agbára rẹ̀. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Mo jó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọjá wò mí, mo tún jó sí i.

Ilé náà dìde: ògiri funfun, òrùlé pupa, igi máńgòrò tí mo gbìn síwájú rẹ̀. Mo mú Bàbá mi gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Ayọ̀ ò jẹ́ kí ìka mi dúró sójú kan, ni mo bá gbé gbogbo wa rọ́ lu ògiri pálọ̀.

"Doucement!" ni Màmá mi ké, bí wọ́n ṣe ń kìlọ̀ fún ọlọ́kadà ní Kétu.

"Sọ fún dírẹ́bà tuntun yẹn kó rọra," ni Bàbá wí. "Èrò wà nínú ọkọ̀."

A rí ilé ìdáná. A rí yàrá àlejò. A dé yàrá tirẹ̀, mo sì yí wa kọjú sí fèrèsé: pápá àti ojú ọ̀run, kò sí ṣáláńgá. Bàbá mi fi ìka rẹ̀ kan fèrèsé náà lójú kọ̀ǹpútà, ó sì gbé ìka kúrò.

"Mú mi jáde."

"Sà?"

"Mo ní kí o mú mi padà síta."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi. Mo rò ó pé kò fẹ́ ẹ, pé bíríkìlà ti ń lọ sí Ìdògò nìyẹn. Mo rọra mú wa padà, pálọ̀, ẹnu ọ̀nà, ìta. Ilé náà tún dúró síwájú wa.

Bàbá mi tún fìlà rẹ̀ dé dáadáa.

"A kàn já wọ ilé ni," ló wí. "A ò ké àgò."

Ó tẹ̀ síwájú kọ̀ǹpútà, ó sì fi ohùn tó fi ń pe èrò ké e: "Àgò onílé o!"

"Àgò yà o," ni Màmá mi dáhùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ẹ máa wọlé, Bàbá. Ilé yín ni."